Iye Ojú Àwọ̀n Wa

“Ta ló ní ilé mi ṣeé pín? Mo ní ta ló sọ ọ́! Kó dìde kó tún un sọ, kí ojú mi rí ẹnu rẹ̀!”

Bàbá Adébómi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti olórí Ilé Aláwọ̀n-ńlá, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ó dúró lórí afárá irin tó so apá ọ̀tún ilé wa mọ́ apá òsì, ó ti ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ méjèèjì sí èjìká, iṣan ọrùn rẹ̀ sì le bí okùn ìdákọ̀ró. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ afàlé tó ti Olú-Ìlú wá ti fi ìkọ́ méjì kọ́ ìdí ilé wa. Ó ń mí hùù-hùù bí ẹran tó jẹun yó. Kí oòrùn tó kọjá àtàrí ni yóò fà wá kúrò lórí ọ̀sà, tàgbà-tèwe, a fẹ́ o, a kọ̀ o.

“Èmi ni mo sọ ọ́,” mo dá a lóhùn. “Èmi Arínọlá, ọmọ àbúrò yín. Mo sọ ọ́ lánàá, mo tún un sọ láàárọ̀ yìí. Tí ẹ bá sì fẹ́, Bàbá, mo lè fi kọrin fún yín.”

Ẹ̀rín bú yàà lórí àwọn òrùlé. Gbogbo ilé tó léfòó lórí ọ̀sà ló ti tú síta. Àwọn kan jókòó sórí òrùlé wọn, ẹsẹ̀ wọn ń fì dìrọ̀dìrọ̀. Àwọn kan ti tu ọkọ̀ wá sí tòsí kí ọ̀rọ̀ kankan má baà bọ́ sómi kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Ìjà Ilé Aláwọ̀n-ńlá kì í wáyé lójoojúmọ́.

“Ẹ gbọ́ ọmọ tí mo gbé pọ̀n!” Bàbá Adébómi yíjú sí àwọn èrò. “Ẹ bá mi bi í, kí ni iye ojú àwọ̀n wa? Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ pè é kó gbọ́!”

Àwọn ará ilé wa sì pè é. Wọ́n pè é láti apá ọ̀tún, wọ́n pè é láti apá òsì, títí kan àwọn tó wà lẹ́yìn mi nínú ìjà yìí.

“Ẹ̀ta kan! Ẹ̀sán márùn-ún! Àrún méjì! Ẹ̀sán kan!”

N kò ní purọ́ fún yín, ẹnu tèmi náà ń pè é. Ara mi bù máṣọ. Bí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ mìíràn ní orúkọ bàbá wọn ni wọ́n ṣe kọ́ wa ní nọ́ńbà yìí, òun náà ló sì wà lókè orí wa lára ilé ìṣọ́, tó ń tàn yanran bí ojúmọ́: 399,999,559. Iye ojú tó wà nínú àwọ̀n oòrùn wa nìyẹn. Àwọ̀n náà tẹ́ lọ rẹrẹ lẹ́yìn ilé, ojú kọ̀ọ̀kan kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ojú kọ̀ọ̀kan ń mu oòrùn, gbogbo wọn sì ń fún ẹ̀rọ tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi ní agbára. Gbogbo ilé ló ní àwọ̀n. Gbogbo ilé ló ń fi iye ojú àwọ̀n rẹ̀ jẹ́ orúkọ. Ṣùgbọ́n àwa nìkan ni wọ́n ń kì ní Àìṣeépín.

“Ṣé o gbọ́?” Bàbá Adébómi ní. “Tò ó ní méjì-méjì, yóò ṣẹ́ kù. Tò ó ní mẹ́ta-mẹ́ta, yóò ṣẹ́ kù. Bàbá tìrẹ gan-an dúró síbi tó o dúró sí yìí.” Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, bí ohùn ẹni tó ti rí ojú egbò. “Adélẹ́yẹ ní èje. Ó ní tí a bá tò ó ní ìlà méje kò ní ṣẹ́ kù. Kí ni Etí tó ń gbọ́ ẹjọ́ wa dá a lóhùn?”

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Nínú gbogbo ojú tó kún inú àwọ̀n yẹn, ojú kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Bí àwọ̀n náà bá fi ojú kan dín, bàbá mi ì bá jàre. Pátákó Ẹjọ́ tó dúró lé já kúrò lára afárá, ó gbé e lọ sí Èbúté Aláìlórúkọ, àwọn òpó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn tí ẹ ń wò lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tí kò nílé sí. Ará ilé wa kankan kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ mọ́. Mo máa ń rí èéfín iná rẹ̀ láti orí òrùlé. Tí ọkọ̀ afàlé bá ti fà wá lọ sí Olú-Ìlú, n kò ní rí èéfín náà mọ́.

“Ojú kan!” Bàbá Adébómi na ìka ìlábẹ̀ sókè, ó ń jù ú fìrìfìrì. “Ẹyọ kan péré!”

“Ẹ tọ́jú ìka yẹn dáadáa, Bàbá,” mo ní. “Òun lẹ máa fi ka iye èèyàn tó fẹ́ bá yín lọ.”

Ẹ̀rín tún bú. Ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ gbé gíláàsì ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fọhùn, sẹ́nu, ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. “Gíláàsì mi àtàtà, jọ̀ọ́, bá wa pín nọ́ńbà tó wà lókè yẹn.”

Gíláàsì náà fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn pé: “Ẹ má bínú, sà. N kì í pín nǹkan. Ẹ bi ènìyàn.”

“Ẹ ò rí i pé ó lẹ́kọ̀ọ́ ju Arínọlá lọ!” ọkùnrin náà kígbe, àwọn èèyàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já sómi fún ẹ̀rín.

“Ẹ pa ẹnu mọ́!”

Ìyáàfin Kúforíjì ló sọ̀rọ̀, ẹni tí gbogbo ọ̀sà ń pè ní Ìyá Etí. Ìyá náà kéré níwọ̀n, ó rí wẹ́ẹ́rẹ́ nínú aṣọ òfì rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń tọ́jú Etí, abọ́ idẹ ńlá tó wà lórí òpó níwájú afárá wa. Lókè abọ́ náà ni Ọmọ Owú wà, òòlù irin tó ga ju ènìyàn lọ, tó tẹjú mọ́ ìdè tó so ilé wa pọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti kan ilé wa, òòlù yẹn kò tíì mira rí.

“Arínọlá,” Ìyá Etí ní, “ṣé ẹjọ́ lo pè àbí ariwo lò ń pa?”

“Ẹjọ́ ni, mà.”

“Wí òfin kí n gbọ́.”

“Ẹ̀rọ lè sọ nǹkan di púpọ̀, ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ pín. Látọjọ́ tí àwọn ẹ̀rọ ti pín gbogbo kọ́kọ́rọ́ ayé sí wẹ́wẹ́ tí ilẹ̀kùn kankan kò tì mọ́, ọwọ́ ènìyàn ni ìpín wà. Ẹnu la fi ń pín, a kì í wo ìwé, a kì í wo gíláàsì. Nọ́ńbà méjì ni, tí Etí bá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀ kó bọ́ sí iye àwọ̀n ilé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni.”

“Bó bá bọ́ sí i ńkọ́?”

“Ọmọ Owú yóò la ìdè. Ilé yóò di méjì ní ìdí-ìdí, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan yóò di orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìdájọ́ tí ilé àtijọ́ ti dá, ó parẹ́ nìyẹn.”

Mo rí i tí ojú rẹ̀ yà díẹ̀ sí ọ̀nà Èbúté Aláìlórúkọ. Ó ti mọ ibi tí mò ń lọ.

“Bí kò bá bọ́ sí i?”

“Pátákó yóò gbé èmi náà lọ.”

“Ó dáa. Àgbà ìdí rẹ ló gbọdọ̀ di okùn mú, kó fi hàn pé ìdí náà fọwọ́ sí i, tí o bá ń sọ ọ́. Níbo ni Àwẹ̀ró wà?”

Ìdí méjì ni ilé wa. Bàbá bàbá mi fẹ́ ìyàwó méjì: ìyálé ló bí Bàbá Adébómi, ìyàwó ló bí bàbá mi. Ìyálé ti kú. Ìyàwó ṣì wà, Màmá Àgbà wa, Àwẹ̀ró, ó sì jókòó sí etí àwọ̀n lẹ́yìn ilé, ó kẹ̀yìn sí gbogbo wa.

“Ẹ lọ bá a,” ni Bàbá Adébómi wí, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ yẹn. “Tó bá gbà, kí ẹ pè mí ní ẹja.”

*

Abẹ́rẹ́ àwọ̀n wà lọ́wọ́ Màmá, àjákù àwọ̀n kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Kò wò mí.

“Wọ́n ní kí n wá di okùn mú kí o lè fi ọ̀bẹ là mí sí méjì,” ó ní.

“Ẹ̀yin kọ́ ni mo fẹ́ là, Màmá.”

“Àwọ̀n yìí yàtọ̀ sí mi ni?” Ó fi ẹnu abẹ́rẹ́ nà án láti ìhín dé ọ̀hún. “Èmi pẹ̀lú ìyálé mi, a kì í kí ara wa nínú ilé. Bí mo bá gbá ilẹ̀, yóò tún un gbá. Ṣùgbọ́n tó bá di ìdí àwọ̀n, òun a bẹ̀rẹ̀ láti òsì, èmi a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún, a ó sì pàdé láàárín láìjẹ́ pé ẹnìkan dé ṣáájú ẹnìkejì. Lọ́jọ́ tí a parí rẹ̀, gbogbo ọ̀sà dìde dúró. Àìṣeépín! Bí wọ́n ṣe kì wá nìyẹn. Ìwọ náà lo fi ń fọ́nnu kiri láti kékeré. Kí ló wá dé?”

“Mo ṣì ń fi fọ́nnu.”

“O ń parọ́.”

“Màmá, kí wọ́n tó gbé iná sí ilé ìṣọ́, kí wọ́n tó máa pè é ní ẹ̀ta kan ẹ̀sán márùn-ún, báwo ni ẹ̀yin tẹ́ ẹ hun ún ṣe ń pe iye rẹ̀?”

Ó wò mí báyìí. Ó jọ pé kò sẹ́ni tó ti bi í rí.

“Ọ̀kẹ́ lọ́nà ọ̀kẹ́,” ó ní. “Ọ̀kẹ́ ojú ní òró, ọ̀kẹ́ ojú ní ìbú, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún níhìn-ín, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún lọ́hùn-ún. Ó dín irinwó àti mọ́kànlélógójì, nítorí igun tí òpó gbà lọ́wọ́ wa.”

Mo wo igun náà. Ẹnikẹ́ni tó bá dé ọ̀sà ni wọ́n máa ń fi hàn. Àwọ̀n wa ì bá gún régé ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àfi igun kan tí òpó ìdákọ̀ró gbà kọjá, tí wọ́n fi fo ojú díẹ̀. Àwọn àgbà máa ń ní igun yẹn ni kò jẹ́ kí àwọ̀n wa ṣeé tò, òun ló sọ wá di Àìṣeépín. Wọ́n tiẹ̀ ya igun náà sára ilẹ̀kùn.

“Báwo ni igun yẹn ṣe tóbi tó?”

“Ọ̀kànlélógún ní òró, ọ̀kànlélógún ní ìbú. Ṣé o rò pé mo ti gbàgbé ni?”

“Ẹ yá mi ní àjákù yẹn.”

Mo gbà á kó tó kọ̀. Ojú márùn-ún ní òró, ojú márùn-ún ní ìbú. Mo fi ọ̀bẹ gé igun kan rẹ̀ sọ nù, ojú méjì sí méjì. Màmá ké “Yéè!” bí ẹni tí mo gé níka.

“Ẹ má ké, Màmá. Tiwa nìyí, tó jẹ́ pé ọmọ ọwọ́ ni. Márùn-ún lọ́nà márùn-ún, ó dín méjì lọ́nà méjì. Òpó ti gba igun. Ẹ wò ó, ìlà mẹ́ta ló gùn dáadáa nísàlẹ̀. Méjì tó wà lókè ló kúrú, nítorí igun. Àbí?”

“Mo lójú.”

“Mo gé àwọn méjì tó kúrú yìí kúrò. Mo yí wọn, wọ́n dìde dúró. Mo rán wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwọn tó gùn. Ẹ kà á.”

Ìka rẹ̀ rìn lórí okùn náà. Ìlà mẹ́ta. Ojú méje, ojú méje, ojú méje. Ó padà kà á láti òdìkejì. Lẹ́yìn náà ó gbé e sókè sí oòrùn, ó ń wá ojú tí mo ti jí gbé.

“Kò sí èyí tó ṣòfò,” ó ní.

“Kò sí ẹyọ kan.”

“Igun ti wọlé.”

“Igun ti wọlé. Mẹ́ta, tí í ṣe márùn-ún ó dín méjì. Méje, tí í ṣe márùn-ún ó lé méjì. Ohun tí igun bù jẹ níhìn-ín ló fi kún ọ̀hún.”

Màmá yí orí díẹ̀díẹ̀, ó wo àwọ̀n ńlá tó ń dán lórí omi. Mo rí i tí ojú rẹ̀ gé apá òkè, tó yí i, tó rán an mọ́ ẹ̀gbẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ mira lórí itan bí ẹni pé abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Kò sí ìwé tí mo kà tó kọ́ mi ní ohun tó ti wà nínú ọwọ́ yẹn látọjọ́ pípẹ́.

“Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń fi igun yẹn yangàn,” ó ní, “pé òun ni kò jẹ́ kí wọ́n rí wa pín.”

“Òun ló pín yín, Màmá.”

“Dákẹ́ ná.” Ó fi abẹ́rẹ́ kan àjákù náà. “Nọ́ńbà méjì tó bá jáde yẹn ńkọ́? Wọ́n á tún rí wọn pín. Wọ́n á sọ wá di wẹ́wẹ́ bíi gààrí.”

Níbẹ̀ ni orí mi wú. Mo ti ń dúró de ìbéèrè yìí láti ìgbà tí mo ti ń gun òrùlé lọ fọ iyọ̀ kúrò lára gíláàsì ibẹ̀, tí n kò sì ní olùkọ́ kankan ju ẹnu mi lọ.

“Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Mo fi ẹ̀ta lù wọ́n, wọn ò fọ́. Mo fi àrún lù wọ́n. Mo fi èje, mo fi mọ́kànlá, mo fi mẹ́tàlá, mò ń gòkè bọ̀ títí mo fi dé ibi tí kò sí ìdí láti kọjá mọ́. Orí fọ́ mi, wọn ò fọ́. Méjèèjì, Màmá! Ẹ ronú sí i. Nínú gbogbo nọ́ńbà tó wà láyé, tiwa ni àwọn aláìṣeépín méjì tó di ara wọn mú, tí wọ́n jìnnà dọ́gba sí ọ̀kẹ́, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń kì wá. Wọ́n kàn rò pé ẹnìkan ni wá ni.”

“Èmi pẹ̀lú ìyálé mi,” ó ní, bí ẹni tó ń bá omi sọ̀rọ̀.

Mo rí àwọ̀n náà, mo rí bí oòrùn ti ń sáré lórí rẹ̀, mo sì mọ̀ pé tí mo bá la ẹnu, n kò ní rí i bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò sí ilé mìíràn tó ní irú rẹ̀. Lọ́wọ́ kan, èéfín bàbá mi. Lọ́wọ́ kejì, ohun tó dára jù lọ tí ẹ̀jẹ̀ mi ti ṣe rí láyé.

“Màmá,” mo ní, “tí ẹ bá ní kí n má sọ ọ́, n kò ní sọ ọ́. A jọ máa bá ọkọ̀ yẹn lọ.”

Ó bojú wo ọ̀nà Èbúté. Ọmọ tirẹ̀ ló wà níbẹ̀.

“Tí wọ́n bá gé e,” ó bèèrè, “ta ni yóò rán etí rẹ̀ tó ya?”

“Èmi ni.”

“Ìwọ? Pẹ̀lú ọwọ́ tó o fi ń rán nǹkan bí ẹni ń ṣán koríko?” Ó na ọwọ́ sí mi. “Gbé mi dìde. N ó rán an fúnra mi.”

*

Nígbà tí Màmá Àgbà jáde sórí afárá tó di okùn mú, àwọn èrò dìde dúró lórí òrùlé. Ẹ̀rín Bàbá Adébómi gbẹ. Mo bọ́ sórí Pátákó Ẹjọ́. Ó mì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi; okùn kan ṣoṣo ló so ó mọ́ ilé.

“Ẹ kú ìdúró, Bàbá Ẹja,” mo kí i.

Ó wo Màmá, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ ti ọmọ sí ìyá. “Ìyá mi, omi ń ga sí i lọ́dọọdún. Ẹ̀yin náà ń rí i. Olú-Ìlú wà lórí òkè. Mi ò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni, mo fẹ́ gba ilé bàbá mi là ni.”

“Mo mọ̀, Adébómi,” Màmá ní.

“Àwa náà mọ̀,” mo ní. “Ẹ máa lọ sórí òkè, Bàbá, ta ló di yín lẹ́sẹ̀ mú? Àwa ò fẹ́ lọ ni. Omi ń ga, àwa náà léfòó. Ẹ ò bi wá kẹ́ ẹ tó so okùn mọ́ wa nídìí bí ewúrẹ́.”

“Bí o bá sọ ọ́, tó bọ́ sí i, o ti pa orúkọ wa! Gbogbo ilé tó wà níbí ni yóò máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Àìṣeépín tó pín!”

“Kí wọ́n máa ṣe é. Tí wọ́n bá ṣe yẹ̀yẹ́ tán, kí wọ́n lọ wá irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sílé wọn.”

“Hẹ̀ẹ́n!” ni ẹnìkan kígbe lórí òrùlé.

Bàbá Adébómi súnmọ́ mi títí mo fi ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn èrò má gbọ́. “Arínọlá. Gbọ́ mi. Olórí ilé lè dárí ji ẹni tí ilé lé jáde. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi kan ni. Sọ̀kalẹ̀ lórí pátákó yẹn, bàbá rẹ yóò sùn sílé lónìí. A jọ máa lọ, àwọ̀n wa lódindi, orúkọ wa lódindi.”

Ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti dùn tó létí mi. Gbogbo ohun tí mò ń jà fún ló gbé lé mi lọ́wọ́, kò ní kí n gé ojú àwọ̀n kan. Mo wo Màmá. Màmá wo ilẹ̀. Ọkọ̀ afàlé fọn fèrè rẹ̀, oòrùn ti dé àtàrí.

“Ọ̀rọ̀ ẹnu yín kan,” mo ní.

“Kan péré.”

“Ó ti wà lẹ́nu yín látọjọ́ tí wọ́n ti gbé e lọ?”

Ojú rẹ̀ sá lọ sí ọ̀nà Èbúté.

“Ẹ ti ń wo èéfín yẹn láràárọ̀ bí èmi náà ti ń wò ó,” mo ní, mo sì gbé ohùn mi sókè kí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ tó jìnnà jù lọ lè gbọ́. “Kọ́kọ́rọ́ wà lápò yín, Bàbá, ẹ sì jẹ́ kí ọmọ bàbá yín sùn síta! Ẹ má fún mi. Mo ti rí ilẹ̀kùn mìíràn.”

“Ọmọ yìí!”

“Ìyá Etí, mo ti ṣe tán.”

Ìyá Etí fi ọ̀pá kan abọ́ idẹ náà. Ohùn rẹ̀ dún lọ sórí omi, ìmọ́lẹ̀ kan sì là ní ìsàlẹ̀ abọ́. Etí ti ń gbọ́. Lókè ilé ìṣọ́, nọ́ńbà wa wọlé lọ, òkùnkùn gba ipò rẹ̀. Mo gbọ́ tí àwọn ará ilé wa mí kanlẹ̀. Wọn ò tíì rí ibẹ̀ ní òfìfo rí.

“Nọ́ńbà àkọ́kọ́,” ni Ìyá Etí wí.

Mo dúró tòò.

“Ọ̀kẹ́ kan,” mo ní, “ó dín mọ́kànlélógún.”

Àwọn èrò wo ara wọn. Ọkùnrin onígíláàsì ń ka ìka. Ṣùgbọ́n Bàbá Adébómi kì í ṣe òmùgọ̀. Òun náà dàgbà sídìí àwọ̀n yìí. Mo rí i tí ojú rẹ̀ kúrò lára mi, tó lọ sí igun tí òpó gbà, tó sì dúró síbẹ̀. Ètè rẹ̀ ń kà á. Ó yíjú sí mi wéré.

“Ó tó, Arínọlá! Ó tó! Má sọ ìkejì!”

“Nọ́ńbà kejì,” ni Ìyá Etí wí.

“Arínọlá, mo bẹ̀ ọ́!”

“Ọ̀kẹ́ kan,” mo ní, “ó lé mọ́kànlélógún.”

Abọ́ idẹ náà kùn. Etí ń sọ ọ́ di púpọ̀. Pátákó gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, okùn tó so ó le tantan, Màmá sì di okùn tirẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Lókè, iná kan là.

“Ẹ̀ta kan,” ni ẹnìkan kà.

Iná ń là tẹ̀lé ara wọn, àwọn èèyàn sì ń kà á, láti orí òrùlé, láti inú ọkọ̀, títí kan àwọn ilé tó jẹ́ ọ̀tá wa. “Ẹ̀sán. Ẹ̀sán. Ẹ̀sán. Ẹ̀sán. Ẹ̀sán.” Wọ́n dúró mí. “Àrún. Àrún.”

Iná ìkẹyìn là. Màmá Àgbà ló kà á.

“Ẹ̀sán kan,” ó ní, orí rẹ̀ sì ga.

Ìyá Etí gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè. “Ó bọ́ sí i. Ẹni tó pe ẹjọ́ ló ń kọ́kọ́ mú. Arínọlá, èwo ni ilé tìrẹ yóò máa jẹ́?”

Ọmọ Owú ti ń gbéra. Òjìji rẹ̀ bọ́ sórí afárá, ó kọjá lórí ẹsẹ̀ Bàbá Adébómi, ẹni tó ń sún sẹ́yìn láìmọ̀ sí apá ọ̀tún, sí ìdí tirẹ̀.

“Ìdí Àwẹ̀ró mú èyí tó lé,” mo ní. “Ẹ di èyí tó dín fún Bàbá Adébómi, kó máa gbé e gòkè lọ.”

Ọmọ Owú já bọ́ sórí ìdè.